Bruce McLaren: Mẹkáníìkì tí ó sọ ògbólógbòó ọkọ̀ di ọkọ̀ ìdíje

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá perí akọni, a ó fi idà lalẹ̀. Akọni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe jagunjagun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe olóṣèlú. Ọmọ ẹni tí ó ń ta epo, tí ó sì ń tún ọkọ̀ ṣe ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ. Kò lò ju ọdún 32 lọ láyé, ṣùgbọ́n láti ọdún 1970 tí ó ti kú, orúkọ rẹ̀ kò parẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń pe orúkọ náà nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ olówó ńlá, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni. Bruce McLaren ni.

Ìdí tí ìtàn rẹ̀ fi kàn wá kò fara sin. Ẹni tí ó bá mọ Máfolúkù, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó, mọ̀ pé mẹkáníìkì, jórinjórin, páńẹ́ẹ̀lì bítà, pẹ́ńtà àti àwọn tí ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe kò ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ tòkúnbọ̀, kò jìnnà sí wọn. Bí ọ̀dọ́ kan bá wá gbé ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì tí ó ti gbó, irú èyí tí àwọn olówó fi ṣe fàájì ní ogún ọdún sẹ́yìn, lọ sí irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, tí ó ní kí wọ́n bá òun sọ ọ́ di ọkọ̀ ìdíje, eré ni yóò kọ́kọ́ wà lọ́kàn rẹ̀. Yóò fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, kí ọkọ̀ sì fò bí ẹyẹ. Ìgbésí ayé McLaren fi hàn pé ìdajì iṣẹ́ náà péré ni eré jẹ́. Ìdajì kejì ni pé kí gbogbo ohun tí a tú palẹ̀, tí a sì tún tò, dúró ṣinṣin síbi tí a fi í sí. Ọkùnrin yìí mọ ìdajì méjèèjì dáadáa, síbẹ̀ ìdajì kejì ni ó gba ẹ̀mí rẹ̀.

Ọjọ́ 30, oṣù kẹjọ, ọdún 1937 ni wọ́n bí Bruce Leslie McLaren ní ìlú Auckland, ní orílẹ̀-èdè New Zealand, tí ó wà lẹ́yìn Australia lọ́hùn-ún. Les ni orúkọ bàbá rẹ̀, Ruth sì ni ìyá rẹ̀. Ilé epo pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe ni ẹbí náà ní, ní àdúgbò Remuera. Les fúnra rẹ̀ fẹ́ràn ìdíje, ó ti gun alùpùpù sáré ìje rí kí ó tó bọ́ sórí ọkọ̀. Inú òórùn epo àti gíríìsì ni ọmọ rẹ̀ lajú sí.

Nígbà tí Bruce di ọmọ ọdún 9, àìsàn kan kọlu egungun ìbàdí rẹ̀. Perthes ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Ẹ̀jẹ̀ kì í dé orí egungun itan ọmọ tí ó bá ní in bí ó ti yẹ, orí egungun náà yóò sì máa rọ̀, kò ní rí roboto mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí Wilson Home ní Takapuna, ilé ìtọ́jú àwọn ọmọdé tí wọ́n ní ìpèníjà ara, ó sì lo nǹkan bí ọdún 2 níbẹ̀ lórí ibùsùn. Nígbà tí ó jáde, ó lè rìn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti kúrú ju ti ọ̀tún lọ, ó sì ń tiro títí ó fi jáde láyé. Eré rugby tí àwọn ọmọkùnrin ilẹ̀ náà fẹ́ràn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ni ó kù tí ó lè fi bá ẹgbẹ́ rẹ̀ díje.

Láàárín àkókò yìí ni bàbá rẹ̀ ra ògbólógbòó ọkọ̀ kan. Austin 7 Ulster ni, ọdún 1929 ni wọ́n sì ti ṣe é. Ọkọ̀ kékeré ni Austin 7. Ilé iṣẹ́ Austin gbé e jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1922 kí àwọn tí owó wọn kò pọ̀ lè rí ọkọ̀ rà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 747 cc, èyí tí kò tó ìdajì ti Toyota Corolla tí a ń rí káàkiri ìgboro Èkó. Ulster ni oríṣi rẹ̀ tí wọ́n ṣe fún eré sísá. Èyí tí Les rà ti lé ní ogún ọdún, inú àpótí ni púpọ̀ nínú ẹ̀yà ara rẹ̀ sì wà nígbà tí ó dé. Ohun tí Les ní lọ́kàn ni kí ó tò ó pọ̀, kí ó tà á, kí ó sì jèrè díẹ̀. Ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà pé àwọn kò ní tà á. Àwọn méjèèjì jọ tò ó ni, bóòtù kan lẹ́yìn òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ síbí, nítorí ilé ẹ̀kọ́ ni ọkọ̀ yìí jẹ́ fún un. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi irú ẹ́ńjìnnì kékeré bẹ́ẹ̀ sáré kò lè gbọ́kàn lé agbára. Ìwúwo ni yóò kọ́kọ́ bá jà. Ohunkóhun tí kò bá ran ọkọ̀ lọ́wọ́ láti sáré, láti yà, tàbí láti dúró, kí ó kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò kan orí ẹ́ńjìnnì, ìyẹn tọ́ọ̀pù sìlíńdà. Bí a bá dín àyè tí ó wà lórí pístìnnì kù, epo àti afẹ́fẹ́ yóò fún pọ̀ síi kí iná tó ràn wọ́n, agbára wọn yóò sì pọ̀ síi. Bí a bá tún wá fún un jù, ooru yóò jó gásíkẹ́ẹ̀tì, pístìnnì fúnra rẹ̀ lè lu. Bíréèkì ni ìkẹta. Wáyà àti irin ni ó ń fa bíréèkì Austin 7, kì í ṣe omi bíréèkì bíi ti òde òní, kò sì lágbára rárá. Ẹni tí ó bá wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti mọ ibi tí yóò dúró sí kí ó tó mọ ibi tí yóò ti tẹná mọ́ ọn. Ọmọ tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gbogbo èyí kò ní ka ọkọ̀ sí ohun àdììtú mọ́. Bí ìró kan bá yí padà, yóò mọ ibi tí ó ti wá.

Ní ọdún 1952, nígbà tí kò ju ọmọ ọdún 15 lọ, Bruce gbé Austin náà lọ sí ìdíje gígun òkè ní Muriwai, létí òkun tí kò jìnnà sí Auckland. Ìdíje àkọ́kọ́ tí ó kópa nínú rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ó lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Seddon Memorial Technical College àti ní yunifásítì, ṣùgbọ́n kò fi ọkọ̀ sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ ra Austin-Healey 100, ọkọ̀ afẹ́ alágbára kan, fún ìdíje tirẹ̀. Nígbà tí àìsàn dá bàbá dúró, ọmọ bọ́ sórí àga rẹ̀. Láti orí ìyẹn ó bọ́ sí ọkọ̀ Cooper kan tí wọ́n rà lọ́wọ́ Jack Brabham, ọmọ Australia tí òkìkí rẹ̀ ti ń kàn nígbà náà. Ẹ óò rí i pé àlòkù ni ọmọ yìí fi ń gun àkàbà. Ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò ni ó máa ń mú, tí yóò tú, tí yóò sì tún tò lọ́nà tí yóò fi dára ju bí ó ti bá a lọ.

Ọdún 1958 ni ọ̀nà là. Àwọn tí ń ṣètò ìdíje Grand Prix ní New Zealand dá ètò kan sílẹ̀ láti máa rán ọ̀dọ́ awakọ̀ lọ sí ilẹ̀ Yúróòpù, Bruce sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n mú. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ó wọ ìdíje German Grand Prix ní Nürburgring, ọ̀nà gígùn inú igbó tí kọ́nà rẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún. Ọkọ̀ Formula Two tí agbára rẹ̀ kéré ni ó wà, síbẹ̀ ó ṣe ipò karùn-ún láàárín gbogbo wọn, ó sì gba ipò kìn-ín-ní láàárín àwọn ọkọ̀ Formula Two. Ní ọdún 1959, ilé iṣẹ́ Cooper gbà á gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ Formula One pẹ̀lú Brabham.

Ọjọ́ 12, oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n díje ní Sebring, ní Amẹ́ríkà. Brabham ni ó wà níwájú nígbà tí epo rẹ̀ tán ní ìpele tí ó kẹ́yìn, tí ó sì ní láti fi ọwọ́ ti ọkọ̀ rẹ̀ dé òpin. McLaren kọjá, ó sì gba ipò kìn-ín-ní. Ọmọ ọdún 22 ni. Kò sí awakọ̀ tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó ti borí nínú ìdíje Grand Prix tí wọ́n wa fún ife ẹ̀yẹ àgbáyé lórí ojú ọ̀nà, ọdún 2003 ni Fernando Alonso tó gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1960, ó borí ní Argentina, ó sì ṣe ipò kejì nínú ife ẹ̀yẹ àgbáyé. Ní ọdún 1962, ó borí ní Monaco.

Ẹlòmíràn ìbá jókòó ti ipò yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti bá bàbá rẹ̀ to Austin láti inú àpótí kò lè máa wa ọkọ̀ tí ẹlòmíràn yà sórí ìwé títí ayé. Ní ọdún 1963, ó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Bruce McLaren Motor Racing. Àwọn ènìyàn tí ó kó jọ kò pọ̀. Lára wọn ni Wally Willmott, ọmọ New Zealand, àti Tyler Alexander, ọmọ Amẹ́ríkà, tí wọ́n jẹ́ mẹkáníìkì. Ilé iṣẹ́ náà kò sì tíì gbérí tí ikú fi dé. Ní ọjọ́ 28, oṣù kejì, ọdún 1964, Timmy Mayer, ọ̀dọ́ awakọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ń bá wọn ṣiṣẹ́, kú nígbà ìdánrawò ní Longford, ní Tasmania. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Teddy Mayer, tí ó kàwé òfin, kò fi ìbànújẹ́ náà sá lọ. Ó dúró ti McLaren, ó sì di alábòójútó ilé iṣẹ́ náà.

Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ jẹ́ bùkátà kan ní New Malden, ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Ilẹ̀ eruku ni, wọn kò da sìmẹ́ńtì sí i, katakata tí wọ́n fi ń tẹ́ ilẹ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò pé ilé gíláàsì ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kí ó rántí bùkátà yìí. Kò sí mẹkáníìkì ní Máfolúkù tí yóò wọ ibẹ̀ tí kò ní mọ ọwọ́ tí yóò mú irinṣẹ́.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ tí ó kan ọ̀rọ̀ wa jù lọ. Ọkọ̀ tí wọ́n gbé wọlé ní ọdún 1964 ti jẹ oríṣiríṣi ìyà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọkọ̀ Cooper Formula One ni tẹ́lẹ̀, èyí tí ó forí gbún ní ìdíje United States Grand Prix ti ọdún 1961 ní Watkins Glen. Roger Penske, tí ó jẹ́ awakọ̀ ìdíje nígbà náà kí ó tó di oníṣòwò ńlá, ra àfọ́kù rẹ̀. Ó tún un ṣe, ó fi bọ́dì bo táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì sọ ọ́ di ọkọ̀ ìdíje irú èyí tí òfin ní kí ó ní àga méjì. Àga kejì náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí àgbàlagbà tí ó lè fi ìrọ̀rùn jókòó sínú rẹ̀. Zerex, orúkọ omi rédíétọ̀ kan tí kì í dì nígbà òtútù, ni wọ́n kọ sí i lára, nítorí àwọn tí ń ṣe é ni wọ́n gbé owó kalẹ̀. Ọkọ̀ náà borí ní Riverside àti Laguna Seca ní ọdún 1962, àwọn tí ó bá a díje sì fi ìbínú hàn. Òfin yí padà, wọ́n tún gé e, wọ́n tún jó o kí ó lè jẹ́ ọkọ̀ alága méjì lóòótọ́.

Nígbà tí McLaren rà á, ẹ́ńjìnnì Climax onísìlíńdà mẹ́rin ni ó wà nínú rẹ̀, ó sì fi borí báyìí. Síbẹ̀ ó rí i pé gígé àti jíjó tí wọ́n ti ṣe sí i ti sọ àárín ṣáàsì rẹ̀, tí í ṣe egungun ọkọ̀, di ahẹrẹpẹ. Ṣáàsì tí ó bá ń lọ́ kì í jẹ́ kí awakọ̀ mọ ohun tí táyà ń ṣe. Bí ó bá yí ọwọ́ ọkọ̀, egungun ni yóò kọ́kọ́ tẹ̀ kí táyà tó gbọ́. Sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì tuntun kò lè wo àìsàn yẹn sàn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ńlá yóò kàn dá kún un ni. Nítorí náà, kí McLaren tó fi agbára kún ọkọ̀ náà, ó gé àárín rẹ̀ kúrò, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì jó páìpù irin mìíràn sí i, èyí tí ó le dáadáa. Ìgbà tí egungun ti dúró ni wọ́n tó wá gbé ẹ́ńjìnnì Oldsmobile V8 sí i. Ọkọ̀ ìgboro ni wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì yìí fún ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n àlùmíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é, nítorí náà ó fúyẹ́, ó sì lágbára.

Ọjọ́ ìdíje ti sún mọ́lé, kò sí àyè láti tẹ páìpù sálẹ́ńsà bí ó ti yẹ. Páìpù kúkúrú 8 ni wọ́n kàn nà sókè láti inú ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n sì yọ orí wọn jáde lára bọ́dì ẹ̀yìn. Kò dára lójú, ṣùgbọ́n kò léwu. Ibi tí ó bá léwu, wọ́n ti fara balẹ̀ ṣe é. Ní oṣù kẹfà ọdún 1964, wọ́n gbé ọkọ̀ náà lọ sí Mosport, ní Kánádà, McLaren sì borí. Cooper-Oldsmobile ni wọ́n pè é ní gbangba, nítorí pé ó ṣì ń wa ọkọ̀ Formula One fún Cooper. Ṣùgbọ́n nínú bùkátà New Malden, gbogbo wọn mọ̀ pé ọkọ̀ McLaren àkọ́kọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti ṣe M1A láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí wọ́n kọ́ lára àfọ́kù ni wọ́n fi ṣe é.

Láti ìgbà náà ni nǹkan ti yára. Ní ọdún 1966, ní Monaco, ọkọ̀ McLaren kópa nínú Formula One fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà, McLaren àti Chris Amon, ọmọ New Zealand bíi tirẹ̀, wa Ford GT40 borí nínú ìdíje wákàtí 24 ti Le Mans, ní ilẹ̀ Faransé. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, níbi ìdíje Can-Am tí wọn kò ti fi òdiwọ̀n sí bí ẹ́ńjìnnì ṣe lè tóbi tó, òun àti Denny Hulme, ọmọ New Zealand mìíràn, sọ ara wọn di ọba. McLaren gba ife ẹ̀yẹ ní ọdún 1967, Hulme gbà á ní ọdún 1968, McLaren tún gbà á ní ọdún 1969. Ìdíje 11 ni wọ́n ṣe ní ọdún 1969. Ọkọ̀ wọn aláwọ̀ ọsàn ni ó borí nínú gbogbo wọn.

Ní ọjọ́ 9, oṣù kẹfà, ọdún 1968, ó borí ní Belgian Grand Prix ní Spa nínú ọkọ̀ tí orúkọ òun fúnra rẹ̀ wà lára rẹ̀. Kó tó di ìgbà náà, Brabham àti Dan Gurney nìkan ni wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé. Ó rò pé ipò kejì ni òun wà. Kò mọ̀ pé Jackie Stewart ti yà lọ bu epo nígbà tí ìdíje fẹ́ parí. Ìgbà tí ó sọ̀ kalẹ̀ ni wọ́n tó sọ fún un pé òun ni ó borí.

Ní àkókò yìí, ilé iṣẹ́ náà ti kúrò ní bùkátà, wọ́n ti wà ní Colnbrook, lẹ́bàá pápákọ̀ òfurufú Heathrow, gẹ́gẹ́ bí Máfolúkù ṣe wà lẹ́bàá Murtala Muhammed. McLaren tún ní èrò mìíràn lọ́kàn. Ó fẹ́ yí iṣẹ́ náà padà sẹ́yìn, kí ó mú ọkọ̀ ìdíje, kí ó sì sọ ọ́ di ọkọ̀ tí ènìyàn lè wà lọ sí ibi iṣẹ́. M6GT ni wọ́n pè é. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni òun fúnra rẹ̀ ń wà kiri lójú títì láti fi wo ibi tí ó kù sí. Ẹ̀mí rẹ̀ kò gùn tó láti parí rẹ̀.

Ọjọ́ 2, oṣù kẹfà, ọdún 1970 ni. Ọjọ́ ìdánrawò lásán ni, kò sí òǹwòran, kò sí ife ẹ̀yẹ. Ní Goodwood, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, McLaren ń dán M8D wò, ọkọ̀ tuntun tí wọ́n fẹ́ lò fún Can-Am ọdún náà. Àwọn olùdarí ìdíje ti ka ìyẹ́ gíga tí ó wà lórí ọkọ̀ ti ọdún tí ó ṣáájú léèwọ̀. Nítorí náà, ara bọ́dì ẹ̀yìn ni wọ́n so ìyẹ́ ti M8D mọ́. Iṣẹ́ ìyẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé kí afẹ́fẹ́ máa tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí eré bá pọ̀, kí táyà ẹ̀yìn má baà gbéra nílẹ̀. Lórí eré àsápajúdé, bọ́dì ẹ̀yìn náà ṣí kúrò. Bí ó ti lọ, ìyẹ́ bá a lọ, ohun tí ó ń tẹ táyà mọ́lẹ̀ sì pòórá lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ yí bírí, ó sì lọ gbá ilé kékeré tí àwọn aṣọ́nà máa ń dúró sí lẹ́bàá pápá. Ojú ẹsẹ̀ ni McLaren kú. Ó fi ìyàwó rẹ̀, Patty, àti ọmọbìnrin kan sílẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ́ńjìnnì kò kọṣẹ́. Awakọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, nítorí ó ti lé ní ọdún 17 tí ó ti ń díje. Ọkọ̀ náà kì í ṣe àfọ́kù, ọwọ́ àwọn tí ó mọ iṣẹ́ jù lọ láyé ni ó ti jáde. Bọ́dì tí ó yẹ kí ó dúró síbi tí wọ́n dè é mọ́ ni kò dúró. Ohun tí ènìyàn lè fi ọwọ́ méjì gbé kúrò lára ọkọ̀ tí ó bá dúró lójú kan ni ó gba ẹ̀mí ẹni tí ó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Àwọn ènìyàn rẹ̀ sunkún, ṣùgbọ́n wọn kò ti ilẹ̀kùn. Hulme ti jóná lọ́wọ́ ní Indianapolis ní oṣù tí ó ṣáájú, ọgbẹ́ rẹ̀ kò sì tíì jiná. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 14, oṣù kẹfà, ọjọ́ 12 péré lẹ́yìn ikú ọ̀gá wọn, wọ́n gbé M8D lọ sí Mosport, ibi tí ọkọ̀ wọn onípáìpù 8 ti borí ní ọdún 6 ṣáájú. Dan Gurney ni ó wà á, ó sì borí. Nígbà tí ọdún yẹn parí, Hulme ni ó gba ife ẹ̀yẹ Can-Am. Ní ọdún 1974, Emerson Fittipaldi fi ọkọ̀ McLaren gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé, ilé iṣẹ́ náà sì gba tirẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 1988, Ayrton Senna àti Alain Prost borí nínú ìdíje 15 láàárín 16. Èrò ọkọ̀ ìgboro tí ó kú pẹ̀lú Bruce tún jí dìde ní ọdún 1992, nígbà tí wọ́n gbé McLaren F1 jáde. Àwọn oníbàárà ní kí wọ́n sọ ọkọ̀ ìgboro yẹn di ọkọ̀ ìdíje fún àwọn, ó sì borí ní Le Mans ní ọdún 1995. Ní ọdún 2024, ilé iṣẹ́ náà tún gba ife ẹ̀yẹ àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ Formula One, lẹ́yìn ọdún 26 tí wọ́n ti gbà á kẹ́yìn.

Kí ni ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Máfolúkù lè mú nínú èyí? Àkọ́kọ́ ni pé àfọ́kù kì í ṣe ìtìjú. Àpótí tí ó kún fún ẹ̀yà ara Austin àti ọkọ̀ Cooper tí ó forí gbún ni ìpìlẹ̀ orúkọ tí gbogbo ayé ń pè. Ọmọ iṣẹ́ tí ó bá fi ọgbọ́n tú ògbólógbòó ọkọ̀, tí ó mọ ìdí tí ohun kọ̀ọ̀kan fi wà níbi tí ó wà, ti wà nílé ẹ̀kọ́.

Èkejì ni pé ètò wà nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ọkọ̀ afẹ́ àtijọ́ di ọkọ̀ ìdíje, egungun rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ́, kí ó tún un ṣe kí ó tó ronú nípa ẹ́ńjìnnì. Bíréèkì ni kí ó tẹ̀lé e. Omi bíréèkì tí ó ti pẹ́ máa ń fa omi sára, yóò hó bí ooru bá mú un, awakọ̀ yóò sì tẹ bíréèkì dé ilẹ̀ láìrí nǹkan kan. Rédíétọ̀ àti ọ́ìlì ni kí ó tún wò, nítorí bí ọkọ̀ bá ń fi eré yà, ọ́ìlì á sá sí ẹ̀gbẹ́ kan nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, pọ́ńpù á fa afẹ́fẹ́, bẹ́rìnnì á sì jó láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Kí ó jó irin ìdáàbòbò yí orí awakọ̀ ká, kí ó de bẹ́líìtì tí ó lágbára, kí ó gbé ohun èlò panápaná síbi tí ọwọ́ lè tó o. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni kí ó tó wá agbára kún agbára. Kí ọkọ̀ náà sì tó jáde, kí ẹni tí kò bá wọn tò ó wá fi ọwọ́ kan gbogbo bóòtù, gbogbo nọ́ọ̀tù, àti gbogbo ohun tí ó de bọ́nẹ́ẹ̀tì àti bọ́dì ẹ̀yìn, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀kẹta ni pé pápá ìdíje yàtọ̀ sí títì. Goodwood ni McLaren ti kú, níbi tí kò sí ẹlẹ́sẹ̀, tí kò sí ọ̀kadà, tí kò sí ọmọ iléèwé tí ń sọdá. Ẹni tí ó bá wá gbé ọkọ̀ tí ó tú fúnra rẹ̀ sáré lórí òpópónà Òṣòdì sí Àpápá lóru, ẹ̀mí ẹlòmíràn ni ó fi ń dán iṣẹ́ rẹ̀ wò.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹ̀sọ̀ ni McLaren fi kúrò lórí ibùsùn àìsàn dé orí òkè Muriwai, ẹ̀sọ̀ ni ó sì fi sọ àfọ́kù Cooper di ọkọ̀ tí ó borí. Kí àwọn ọ̀dọ́ atọ́kọ̀ṣe wa mú ẹ̀sọ̀ náà kún eré tí wọ́n fẹ́ràn, kí iṣẹ́ ọwọ́ wọn lè gbé orúkọ wọn jìnnà, kí àwọn náà sì wà láyé láti gbọ́ ọ.